Ìrírí mi nídìí fífi kọmáǹdì save fáìlì dátà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé àwọn èèyàn máa ń gbé dátà wá bá mi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ni o, òṣìṣẹ́ ìlera ni o, àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bi èèyàn ní ìbéèrè náà wà níbẹ̀, màá bá wọn tún dátà yẹn ṣe, màá bá wọn ṣe ìṣirò tí wọ́n ń wá, sọ́ftíwíà ìṣirò dátà ni mo fi ń ṣe é, SPSS lónìí, Stata lọ́la, R lọ́jọ́ míì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo sì ti rí ni pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ regression, gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ p-value, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì pamọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn, wọ́n gbà pé Ctrl+S ti parí ẹ̀. Kò parí ẹ̀ o. Nínú gbogbo wàhálà tí wọ́n ń gbé wá, èyí tó máa ń dun èèyàn jù, tí kì í sì í ní àtúnṣe, ìdí save ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò tó bá wọ́, a lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Dátà tí wọ́n bá ti save òmíràn lé lórí, ibo lẹ fẹ́ ti rí i?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí pé save yẹ kó jẹ́ kọmáǹdì tí a kọ sílẹ̀, kó wà nínú syntax tàbí do-file tàbí script, ohun yòówù tí sọ́ftíwíà tiyín bá ń pè é, kí èèyàn lè kà á tó bá yá kó sì mọ ibi tí fáìlì ti wá, ohun tí a yọ kúrò àti ohun tó kù síbẹ̀. Ctrl+S kì í kọ nǹkan kan sínú script yín.

Arábìnrin kan ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tọkùnrin tobìnrin ló wà nínú fáìlì ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ wo tàwọn obìnrin nìkan, ó bá wọ mẹ́nù Data nínú SPSS, ó lọ sí Select Cases, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fẹ́ ṣe sí àwọn tí kò yàn, ó mú Delete unselected cases, ìṣirò jáde, ó dára, ó tẹ Ctrl+S, ó pa kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí ọ̀gá wá ní ó yá, mú tàwọn ọkùnrin náà wá, ló ṣí fáìlì tí kò bá ọkùnrin kankan níbẹ̀ mọ́. Kò ní ẹ̀dà míì níbikíbi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ọwọ́ kọ èsì sí, ìyẹn ṣì wà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an, torí pé ìlà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà:

TEMPORARY.
SELECT IF (gender = 2).
SAVE OUTFILE='obinrin_nikan.sav'.

Nínú fáìlì ẹ̀, 2 ló dúró fún obìnrin. TEMPORARY yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀. Ó ń sọ fún SPSS pé yíyàn tí mo fẹ́ yàn yìí kò gbọdọ̀ kọjá kọmáǹdì àkọ́kọ́ tó bá ka dátà lẹ́yìn ẹ̀, SAVE sì ni kọmáǹdì yẹn, àwọn obìnrin á bọ́ sínú fáìlì tuntun tó ní orúkọ tuntun, dátà tó ṣí sílẹ̀ níwájú yín á sì wà ní pípé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ nílò EXECUTE, kọmáǹdì tó ń ní kí SPSS ka dátà, ṣáájú ẹ̀, mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń kó EXECUTE síbi gbogbo, SAVE fúnra ẹ̀ máa ń ka dátà, gbogbo COMPUTE àti RECODE, àwọn kọmáǹdì tó ń ṣẹ̀dá dátà tàbí tó ń yí i padà, tó bá ń dúró ló máa ṣe kó tó kọ fáìlì. XSAVE nìkan ló yàtọ̀, ìyẹn máa ń dúró de kọmáǹdì míì tó máa ka dátà kó tó ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa SAVE ti SPSS kó má bàa bá yín lójijì. Tí ẹ bá fi máòsì save, tí orúkọ tí ẹ yàn sì ti wà nílẹ̀, ó máa béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kó rọ́pò ẹ̀. Tí ẹ bá fi kọmáǹdì ṣe é, kò ní béèrè nǹkan kan, orí ti tẹ́lẹ̀ ló máa kọ ọ́ lé, ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Stata ò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ save "mimo.dta" nínú Stata tí fáìlì yẹn sì ti wà, ó máa kọ̀ jálẹ̀, á ní already exists, á gbé r(602), nọ́mbà àṣìṣe yẹn, síwájú yín, àfi tí ẹ bá fi replace kún un. Mo fẹ́ràn ìwà Stata yìí gan-an ni, ṣùgbọ́n èèyàn tó pọ̀ ti sọ ọ́ di asán, gbogbo save tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń lẹ replace mọ́ láìronú. Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé fáìlì tí wọ́n gbé fún mi, èyí tí mò ń pè ní raw, kò sí kọmáǹdì save kankan tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú gbogbo script mi, fódà tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ di read-only, ìyẹn kíkà nìkan, kò ṣeé yí padà. Nínú SPSS ẹ lè fi /PERMISSIONS=READONLY sí ìdí SAVE, tí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ save nǹkan míì lé fáìlì yẹn lórí, SPSS máa gbé error jáde dípò kó kàn pa á rẹ́. Replace tèmi, orí fáìlì tí script náà fúnra ẹ̀ ṣẹ̀dá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, torí mo mọ̀ pé tó bá bàjẹ́ mo lè tún script ràn (run) kó tún un bí.

Ti FILTER tún wà ńbẹ̀, èyí ló máa ń kó ìpayà bá mi jù torí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́, díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè wá sọ pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n lo èsì àwọn mọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹni tó ń mójú tó dátà fi filter yọ wọ́n, ó rí i lójú kọ̀ǹpútà pé SPSS ti fi ìlà fa nọ́mbà wọn kọjá, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó save, ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló wà nínú fáìlì tó lọ yẹn. Filter kì í yọ ẹnikẹ́ni kúrò, ó kàn ní kí ìṣirò fò wọ́n ni, tí ẹ bá sì save, SPSS á kó gbogbo wọn pamọ́ àfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀:

SAVE OUTFILE='fun_alabasisepo.sav'
  /UNSELECTED=DELETE
  /KEEP=id ojo_ori gender bp_oke bp_isale
  /MAP.

Ẹ wo KEEP yẹn dáadáa. DROP náà wà, tí ẹ máa dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ yọ, orúkọ, nọ́mbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì. Tó bá jẹ́ pé fáìlì ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, mi ò kì í lo DROP rárá, torí pé ohun tí ẹ bá gbàgbé láti dárúkọ nínú DROP á bá fáìlì lọ, ohun tí ẹ bá sì gbàgbé nínú KEEP á dúró sílé. Nínú méjèèjì, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìgbàgbé tó sàn. Mo ti rí dátà tí wọ́n ti DROP orúkọ àti fóònù níbẹ̀ tí variable kan, ìyẹn kọ́lọ́ọ̀mù kan nínú dátà, tí wọ́n pè ní "comment" sì wà níparí, orúkọ ìyá, orúkọ ọmọ, ojúlé ilé, gbogbo ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ọ́ kó síbẹ̀. MAP tó wà nísàlẹ̀ yẹn á to orúkọ gbogbo variable tó wọ fáìlì tuntun síta fún yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. KEEP tún máa ń to variable bí ẹ bá ṣe kọ wọ́n, tí ẹ bá kọ /KEEP=id ALL, id á wá síwájú, ìyókù á tẹ̀lé e.

Ní ti Stata, ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ọ̀rọ̀ float, torí pé kì í pariwo, àfi ìgbà tó bá ti wọ inú fáìlì tán. Stata, tí ẹ bá kọ generate láìsọ irú àyè tí ẹ fẹ́, float ló máa fún yín, float ò sì lè mú gbogbo nọ́mbà odidi mọ́ láìyẹ̀ tó bá ti kọjá 16,777,216. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ṣe ID fún olúkúlùkù, wọ́n kó nọ́mbà àdúgbò, nọ́mbà ilé àti nọ́mbà ẹni pọ̀ báyìí:

gen id = adugbo*1000000 + ile*100 + eni

Àdúgbò 23, ilé 456, ẹni kẹta, ó yẹ kó jẹ́ 23045603. Ẹni kẹrin nínú ilé kan náà, 23045604. Àmọ́ láti 16,777,216 lọ sókè, méjì méjì ni float ń fò, 23045603 ò sí lára ohun tó lè mú, ló bá tì í sórí 23045604. Èèyàn méjì ti di ẹnì kan nìyẹn. Wọ́n drop adugbo, ile àti eni torí pé ID ti wà, wọ́n save, replace, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ da dátà ìpele kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, merge 1:1, kọmáǹdì tó ń da fáìlì méjì pọ̀, ní id does not uniquely identify observations, ìyẹn ni pé ID kan náà wà fún ju ẹnì kan lọ, wọ́n rò pé àwọn tó ń tẹ dátà wọlé ló tẹ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ń bá àwọn ẹni ẹlẹ́ni jà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò ju gen long id lọ, tàbí gen double id tí nọ́mbà bá gùn jùyẹn, tó bá sì wá gùn kọjá ìyẹn náà, ẹ sọ ọ́ di string, ìyẹn ọ̀rọ̀ dípò nọ́mbà. Nítorí ẹ̀ ni ìparí do-file mi kì í fi í jẹ́ save lásán:

isid id
compress
label data "Lati raw_ipele1.dta, a ti yo awon to kuro"
save "data/02_mimo.dta", replace

isid yẹn á dá do-file dúró pátápátá tí ID méjì bá jọra, kò ní dé ìdí save rárá, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, kí fáìlì tó bàjẹ́ má tiẹ̀ rí ilé wọ̀. compress á dín àyè tí fáìlì ń gbà kù láìpa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀. label data jẹ́ gbólóhùn kúkúrú tí ẹni tó bá ṣí fáìlì máa rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kọ ọ́, ẹni tó máa ṣí i lọ́dún mẹ́ta sí i lè má jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹni tó ń lo Stata àtijọ́ náà wà o. Láti Stata 14, tó jáde lọ́dún 2015, Stata ti ń lo Unicode, ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, àwọn fáìlì ẹ̀ ò sì ṣí nínú Stata 13 sí ìsàlẹ̀. Tí ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bá ṣì wà lórí ẹ̀yà àtijọ́, saveold "fun_won.dta", version(12) ló máa gbà á. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yà àtijọ́ yẹn ò mọ Unicode, tí ẹ bá ní ẹ àti ọ àti ṣ nínú label yín, wọ́n lè má jáde bí ẹ ṣe kọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìlà tó dagun tí a fi ń kọ ọ̀nà ibi tí fáìlì wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo èyí tó dagun síwájú, /, kódà lórí Windows. SPSS gbà á, Stata gbà á, R gbà á. Èyí tó dagun sẹ́yìn yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nínú Stata tó bá wà níwájú macro, ìyẹn orúkọ kúkúrú tó dúró fún nǹkan míì, macro yẹn ò ní ṣí, nínú R tí ẹ bá kọ "C:\Users" error ló máa fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì kọ ibi tí fódà iṣẹ́ wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí òkè script pẹ̀lú cd tàbí setwd, kí ẹlòmíì tó bá fẹ́ lò ó lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ yí ìlà kan péré padà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí R. Àwọn èèyàn máa ń lo save() pẹ̀lú load() torí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Kò burú, àmọ́ load máa ń kó nǹkan wọlé pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n save wọn, tí ẹ bá ti ní dat tẹ́lẹ̀ tí dat míì sì wà nínú fáìlì yẹn, dat tiyín ti lọ nìyẹn, R ò ní sọ nǹkan kan. saveRDS ni mo fara mọ́:

saveRDS(dat, "data/02_mimo.rds")
ti_ana <- readRDS("data/02_mimo.rds")

Ohun kan ṣoṣo ló ń wọ inú fáìlì, ẹ̀yin lẹ sì máa fún un lórúkọ nígbà tí ẹ bá ń kà á wọlé. Ti save.image àti .RData tí R máa ń bi yín léèrè nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde, n lèmi máa ń dáhùn, mo sì ti ní kí RStudio mi má bi mí mọ́ rárá. Ohun tó bá wà nínú workspace, ìyẹn gbogbo ohun tí R ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sí nínú script, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀.

CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀, ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, torí kò sí sọ́ftíwíà tí kò lè ṣí i, ó sì máa ṣí lẹ́yìn ọdún tó pọ̀. Kí a ṣáà mọ ohun tó ń jábọ́ lójú ọ̀nà. Label, ọ̀rọ̀ tí nọ́mbà kọ̀ọ̀kan dúró fún, bí 2 ṣe jẹ́ obìnrin, kò lè bá nọ́mbà ẹ̀ wà pọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa wọlé. Nínú Stata, export delimited á kọ label dípò nọ́mbà àfi tí ẹ bá fi nolabel sí i. SPSS, nọ́mbà ló máa kọ àfi tí ẹ bá ní /CELLS=LABELS, kò sì ní kọ orúkọ variable sí ìlà àkọ́kọ́ àfi tí ẹ bá fi /FIELDNAMES sí SAVE TRANSLATE, tí fáìlì yẹn bá sì ti wà nílẹ̀, SAVE TRANSLATE á kọ̀ àfi tí ẹ bá kọ /REPLACE, ó yàtọ̀ sí SAVE tí mo sọ lókè. write.csv ti R á kó nọ́mbà ìlà kún un tí ẹ kò bá fi row.names = FALSE sí i, tí ẹ bá wá kà á padà, ẹ máa bá kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ X tẹ́nikẹ́ni ò béèrè. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ẹnì kan á wá fi Excel ṣí CSV yẹn, òdo tó wà níwájú nọ́mbà fóònù á fò lọ, ohun tó bá jọ ọjọ́ á di ọjọ́, á tún wá save. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí le débi pé lọ́dún 2020 ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn gene èèyàn lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà, MARCH1 di MARCHF1, torí pé Excel ń sọ ọ́ di oṣù kẹta.

Lọ́dún 2020 yẹn kan náà ní England, láàárín September 25 sí October 2, èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti sọ pé wọ́n ní Kòrónà ni kò bọ́ sínú iye tí ìjọba ń kéde lójoojúmọ́. Dátà wà, àyẹ̀wò wà. Ibi tí wọ́n ń kó CSV láti ilé àyẹ̀wò sí ni fáìlì Excel àtijọ́, .xls, tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, ìyókù kò rí àyè wọ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ bá àwọn tó ti fara kan wọn kò tètè gbọ́. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí ni mo wá sọ ọ́ di dandan fún ara mi pé save ò tíì parí títí mo fi máa ṣí fáìlì tuntun yẹn padà, kí n ka iye ìlà ẹ̀, nrow nínú R, count nínú Stata, kí n fi wé iye tó wà kí n tó save. Ìlà méjì péré ni nínú script. Stata tún ní datasignature set, ẹ máa lò ó kí ẹ tó save, tí ẹ bá wá ṣí fáìlì lọ́jọ́ míì tí ẹ kọ datasignature confirm, á sọ fún yín tí nǹkan kan bá ti yí padà nínú dátà láti ọjọ́ yẹn.

Ẹni tí mẹ́nù ti mọ́ lára, tí kọmáǹdì ń bà lẹ́rù, mi ò ní kí ẹ há nǹkan kan sórí. Nínú SPSS, ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe, File, Save As, ẹ yan fódà, ẹ kọ orúkọ tuntun, ẹ yan àwọn variable tí ẹ fẹ́, tó bá wá ku kí ẹ tẹ Save, Paste tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. SPSS fúnra ẹ̀ á kọ kọmáǹdì yẹn sínú fèrèsé syntax fún yín, pẹ̀lú KEEP tàbí DROP ẹ̀. Ẹ fi ìràwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ìlà kan sókè ẹ̀, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ṣe fáìlì yẹn síbẹ̀ ní Yorùbá tàbí èdè tó bá wù yín, ẹ fi àmì ìdánudúró parí ẹ̀, ẹ wá ràn án.